Páìpù ooru tó ń jò nínú ilé àtijọ́ ní Chicago: ká fọ̀ ọ́ ni, ká lẹ téèpù mọ́ ọn ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìbéèrè Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ilé bíríkì kan la rà ní apá gúúsù Chicago, bungalow tí wọ́n kọ́ ní 1926. Yàrá òkè tí àwọn ọmọ ń sùn kì í gbóná rárá, bẹ́ẹ̀ àjà ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbé máa ń gbóná débi pé aṣọ tí mo bá sá síbẹ̀ lálẹ́ á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó gáàsì oṣù tó kọjá kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan pè mí lórí fóònù pé dọ́là 99 lòun máa gbà láti bá wa fọ gbogbo duct ilé, ìyẹn àwọn páìpù tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà. Ọkọ mi ní òun máa ra téèpù aláwọ̀ fàdákà, òun á fi dí gbogbo ibi tó ń jò. Ọ̀rẹ́ mi sì ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé bí ilé àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

\* \* \*

Èsì kìíní

Ìyá Ìbejì, ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn. Iṣẹ́ furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ni mò ń ṣe nínú ìlú yìí, irú ilé yín yìí gan-an ni mo sì máa ń wọ̀ jù. Láàárín 1910 sí 1940 ni wọ́n kọ́ nǹkan bí 80,000 bungalow sí Chicago. Àwọn kan nínú wọn ń lo omi gbígbóná inú radiator. Àwọn mìíràn ń lo furnace èédú ràgàjì kan tí wọ́n gbé sí àárín àjà ilẹ̀, tí kò ní fáànù kankan. Ooru á kàn máa gòkè fúnra rẹ̀ gba inú páìpù páànù ńláńlá wọ yàrá. Nígbà tó yá, wọ́n hú ti èédú kúrò, wọ́n gbé èyí tó ń lo gáàsì tó sì ní fáànù síbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, páìpù àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n so ó mọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Páìpù tí wọ́n kàn ki orí ọ̀kan bọ ìdí èkejì, tí afẹ́fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ nìkan ń gbà kọjá, ni fáànù wá ń fi agbára fẹ́ atẹ́gùn sí tọ̀sán-tòru. Kò sí oríkèé rẹ̀ kan tí kì í tú u jáde.

Ooru tó wà ní àjà ilẹ̀ yín yẹn, ti yàrá àwọn ìbejì ni. Ẹ ti sanwó rẹ̀, kò kàn dé ibi tí ẹ rán an ni. Ètò ENERGY STAR ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀, nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó ń gba inú duct ló ń jò dànù lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ yín kò rí i sọ. Ó ṣe é tún ṣe, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ sì lè fọwọ́ ara yín ṣe.

Lálẹ́ òní, ẹ tan furnace, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àjà ilẹ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ omi, kí ẹ wá máa gbé ọwọ́ tútù yẹn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan láìfi kan páànù. Ibi tó bá ń fẹ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ẹ wo ibi tí eruku dúdú ti fà tẹ́ẹ́rẹ́ lára páànù pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tó ti ń gba ibẹ̀ jáde tipẹ́ ló kó eruku yẹn jọ.

\* \* \*

Èsì kejì: lórí téèpù

Ẹni mẹ́ta ló ti gbè sẹ́yìn ọkọ Ìyá Ìbejì. Wọ́n ní téèpù aláṣọ tí wọ́n kùn ní fàdákà yẹn lágbára, ó rọrùn lò, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun náà sì ni bàbá àwọn fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Mi ò bá wọn jà lórí kí ẹ fi di páálí tàbí kí ẹ fi lẹ ìwé tó ya. Lára duct, kò ṣiṣẹ́.

Max Sherman àti Iain Walker, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní California, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Wọ́n fi oríṣiríṣi téèpù àti ohun ìdíhò dí oríkèé páìpù, wọ́n wá ń fẹ́ ooru àti òtútù sí i léraléra, gẹ́gẹ́ bí furnace àti AC ṣe ń ṣe nínú ilé. Téèpù aláṣọ tó ní gọ́ọ̀mù rọ́bà ló já wọn kulẹ̀. Àwọn yòókù dúró. Ooru ló máa ń gbẹ rọ́bà inú gọ́ọ̀mù náà, eruku àti ọ̀rá ara páànù àtijọ́ á sì bá a parí iṣẹ́. Nínú ilé tí ẹni tó gbé ibẹ̀ ṣáájú yín bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i pé etí téèpù ti ká sókè, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni.

Ohun tí ẹ fẹ́ rà ni mastic, ohun ìdíhò kan tí wọ́n ń kùn. Inú ike ló ń wà, ó ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò tán, búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ilé lẹ ó sì fi kùn ún. Ẹ wò ó lára ike náà bóyá wọ́n kọ UL 181 sí i, àmì pé wọ́n ti dán an wò fún dídí duct. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà. Téèpù kan náà wà tó dára, èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gidi, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kùn ní fàdákà. Òun náà gbọ́dọ̀ ní UL 181 lára.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, torí etí páànù ń gé èèyàn bí ọ̀bẹ ni. Ẹ fi àkísà tútù nu eruku kúrò, kí ó gbẹ. Tí oríkèé bá ń mì, ẹ fi síkúrúù mẹ́ta dè é yíká kí ẹ tó kun ohunkóhun, torí mastic kì í gbé ẹrù, ihò ló ń dí. Ihò tó bá fẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ, ẹ kọ́kọ́ lẹ àwọ̀n fiberglass bo ojú rẹ̀, kí ẹ tó kun mastic lé e. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó owó nickel kan, owó ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún. Ẹni tó bá kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí kí ike kan lè tó ilé odindi, á tún padà wá kùn ún.

Àwọn ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kun mastic sí: ilẹ̀kùn furnace, ibi tí fílítà ń wọ̀ tó ń jáde, àti páìpù tó ń gbé èéfín lọ síta. Ẹ lè lo téèpù alumíníọ̀mù ní ẹ̀gbẹ́ ihò fílítà, torí ẹ ó máa ṣí i. Páìpù èéfín kì í ṣe duct. Tí ẹ bá rí i pé òun ló ń jò, ẹ pa furnace, kí ẹ pe oníṣẹ́.

\* \* \*

Èsì kẹta: sí ẹ̀gbọ́n wa ní Houston

Ẹ̀gbọ́n wa kọ̀wé láti Houston pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Chicago. Wọ́n ní òkè àjà ni gbogbo duct wà lọ́dọ̀ tiwọn, pé afẹ́fẹ́ AC tó bá jò níbẹ̀ ti bá oòrùn lọ nìyẹn, ṣùgbọ́n èyí tó bá jò ní àjà ilẹ̀, inú ilé náà ló ṣì wà, kò ṣòfò.

Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbà, ìdajì yẹn sì ṣe pàtàkì. Ibi tí duct gbà kọjá ló yẹ kó sọ ibi tí owó yín máa kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn bungalow wa náà ní òkè àjà! Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti sọ òkè di yàrá. Ẹ wo yàrá àwọn ìbejì dáadáa: òrùlé rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́, ògiri kúkúrú kan sì wà ní ìsàlẹ̀ ibi tó dà sí, tí gíga rẹ̀ kò ju igbáàyà àgbàlagbà lọ. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ṣófo. Ibẹ̀ ni páìpù tó ń gbé ooru lọ sí yàrá wọn sábà máa ń gbà. Ibẹ̀ sì tutù bí ìta ṣe tutù, torí inú ògiri kúkúrú náà ni wọ́n ki ìbora fiberglass sí, páìpù wà lẹ́yìn rẹ̀, ní apá òtútù. Tí páìpù bá jò níbẹ̀ lóṣù Ṣẹẹrẹ, ìta gbangba ni ooru yẹn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ògiri kúkúrú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Èkejì tí ẹ ó mú ni páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ tútù padà wá sí furnace, pàápàá ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà tó sún mọ́ furnace jù. Níbí ni mi ò ti bá ẹ̀gbọ́n dọ́gba pé jíjò inú àjà ilẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Páìpù yìí kì í fẹ́, ó ń fà ni. Tí ihò bá wà lára rẹ̀, inú àjà ilẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbóná omi wà, èyí tí èéfín rẹ̀ kàn ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ gba ṣímínì lọ. Fáànù lè lágbára débi pé á fa èéfín yẹn sọ̀ kalẹ̀ padà, á sì pín in fún gbogbo yàrá. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa èèyàn, ló wà nínú èéfín yẹn. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn.

Chicago ló kọ́kọ́ ṣòfin nínú àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà pé kí áláàmù carbon monoxide wà nínú ilé, láti October 1994. Òfin ìpínlẹ̀ Illinois sì ní kó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí gbogbo yàrá tí èèyàn ń sùn. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè lọ wò ó nísinsin yìí bóyá ó wà ní ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, torí ó ní ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tán.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí ní ilé alájà méjì kan ní Rogers Park, nínú Chicago níbí. Ìyàwó ilé náà ní eruku dúdú máa ń bà sára aṣọ fèrèsé òun, bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni òmíràn ń bà. Nínú irú ilé yẹn, wọn kì í ṣe páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ padà ní páànù tán. Wọ́n á kàn kan pẹlẹbẹ páànù kan sí ìsàlẹ̀ igi méjì tó gbé ilẹ̀ yàrá ró, àárín igi náà á sì di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Mo tẹ̀ lé ọ̀nà náà pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Àárín igi yẹn kò ní ìdí. Ó lọ jáde tààrà sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó èédú sí láyé àtijọ́, ìyẹ̀fun èédú sì ṣì wà nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí furnace bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ń fa ìyẹ̀fun yẹn gòkè. Pákó kan tí a gé sé ẹnu rẹ̀ àti mastic yíká etí rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí páìpù ti yọ sí yàrá, lábẹ́ irin oníhò tó wà nílẹ̀. Ẹ ṣí irin náà kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ ó rí àlàfo láàárín páànù àti pákó ilẹ̀, nígbà míì ìka yóò wọ̀ ọ́. Ẹ dí i. Páìpù gàgàrà tó wà láàárín àjà ilẹ̀ ló kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dojú kọ torí pé ó hàn.

\* \* \*

Èsì kẹrin: ẹ dúró ná!

Àǹtí kan kọ ọ́ sókè yìí pé bébà funfun kan wà lára oríkèé duct àwọn, pé òun ti ń fi ọ̀bẹ ha á kúrò kí mastic lè mú.

Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1980, bébà funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó yí oríkèé páìpù ká lè ní asbestos nínú. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ òrùlé asbestos nílé mọ orúkọ náà, ojú rẹ̀ ti mọ́ wa lára, a kì í sì í bẹ̀rù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Tó bá wà jẹ́ẹ́ tí kò ya, tí kò fọ́, ewu rẹ̀ kéré. Ìgbà tí a bá ń ha á, tí a ń lu ú, tí a ń gbá a nílẹ̀ ni okùn rẹ̀ ń fò sínú afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá sì jẹ́ ara duct ló wà, fáànù á bá yín gbé e ká ilé.

Ìmọ̀ràn EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ni pé kí a fi èyí tó wà dáadáa sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì bójú tó èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ pa furnace, ẹ má gbálẹ̀ ibẹ̀, ẹ má fi ẹ̀rọ ìfàdọ̀tí lásán fà á, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò.

Ìyá Ìbejì, èyí kàn yín kí ẹ tó wọ ẹ̀yìn ògiri kúkúrú yẹn. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ tí ẹ rí nǹkan wóróbo-wóróbo tó ń dán díẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí pupa rúsúrúsú, vermiculite nìyẹn, ohun tí wọ́n máa ń dà sí òkè àjà kí ooru má bàa jáde. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà wá láti ibi ìwakùsà Libby ní Montana, tí asbestos dàpọ̀ mọ́. 1990 ni wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ẹ má rá wọ inú rẹ̀.

\* \* \*

Èsì karùn-ún: lórí fífọ duct

Kúkúrú ni mo fẹ́ sọ èyí. Ẹni tó ní kí ẹ wá sanwó dọ́là 99 kò ní fọ ohunkóhun ní dọ́là 99. Ó fẹ́ wọlé ni. Tó bá ti wọlé, á bá yín rí ohun tó ń hù nínú páìpù, owó á sì di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. EPA fúnra wọn sọ pé iye tí wọ́n sábà máa ń gbà lórí ètò ìmúlégbóná àti ìmúlétutù kan wà láàárín dọ́là 450 sí 1,000, wọ́n sì ní kò tíì sí ẹ̀rí pé fífọ duct ń dènà àìsàn. Wọn kò ní kí a máa fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè. Tí eku bá kú síbẹ̀, tí ẹ rí èébu (mold) tó ń hù lóòótọ́, tàbí tí eruku dí i débi pé ó ń tú jáde sí yàrá, ẹ fọ̀ ọ́. Yàrá tó tutù kì í ṣe àìsàn tí fífọ ń wò.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, mo gbọ́ yín. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Wọn kì í pe èèyàn lórí fóònù láìmọ̀ ọ́n rí.

\* \* \*

Èsì kẹfà

Ọ̀rọ̀ ti yà sí ọ̀nà míì, ṣùgbọ́n ó dára bó ṣe yà. Àbúrò kan ní ohun tí òun máa ń ṣe ni pé òun ń ti ojú irin oníhò ní àwọn yàrá tí òun kì í lò, kí ooru lè pọ̀ ní yàrá yòókù. Ẹni márùn-ún ló ti fọwọ́ sí i. Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n. Fáànù ò mọ̀ pé ẹ ti ilẹ̀kùn. Iye afẹ́fẹ́ tó fẹ́ gbé náà ló ṣì fẹ́ gbé, ìfúnpá inú páìpù á lọ sókè, gbogbo oríkèé tó ń jò á sì wá jò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún máa fi kún iṣẹ́ furnace. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀.

Bákan náà ni fílítà tó nípọn jù. Mo mọ̀ pé àwọn tó ní ọmọ tí ikọ́ fée ń dà láàmú ń wá MERV 13, fílítà tó ń mú eruku tó kéré gan-an, ó sì dára. Ṣùgbọ́n tí àyè fílítà yín bá jẹ́ íǹṣì kan péré, MERV 13 lè sé fáànù lẹ́mìí. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fẹ àyè rẹ̀ sí íǹṣì mẹ́rin kí ẹ tó lò ó.

Èyí mú mi dé ohun tí àwọn tó ń ta mastic kì í sọ. Dídí ihò kì í fi páìpù kún páìpù. Mo ti rí ilé oní yàrá mẹ́rin tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ ń gbà padà sí furnace, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn yàrá òkè pa, afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ní rí ọ̀nà wọlé torí pé èyí tó wà níbẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá móoru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀nà àbájáde ni wọn kò ní, ihò nìkan kọ́. Ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé jíjò yẹn ló ń dín ìfúnpá kù fún furnace tó tóbi jù fún páìpù rẹ̀; tí ẹ bá dí i tán, furnace lè kọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ furnace ni wọ́n ṣe fún ìfúnpá tí kò ju ìdajì íǹṣì omi lọ (bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń wọn ìfúnpá nìyẹn), nítorí náà kí oníṣẹ́ wọn ìfúnpá náà ṣáájú àti lẹ́yìn.

\* \* \*

Èsì keje: lórí èyí tí wọ́n ń fẹ́ sínú rẹ̀

Àwọn méjì ti béèrè nípa Aeroseal. Láti Lawrence Berkeley yẹn náà ló ti wá. Mark Modera àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n á sé gbogbo ojú afẹ́fẹ́ nínú ilé, wọ́n á yọ furnace sọ́tọ̀, wọ́n á wá fẹ́ ohun kan bí ìkùukùu sínú páìpù. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wá ọ̀nà sá jáde ni èérún rẹ̀ á ti máa lẹ̀ mọ́ etí ihò títí ihò á fi pa dé. Kọ̀ǹpútà á máa ka iye tó ń jò bó ṣe ń dín kù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ síwèé fún yín.

Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún páìpù tó wà nínú ògiri, tí ọwọ́ kò lè dé láìfọ́ simẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n ihò tó bá fẹ̀ ju ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì lọ, kò lè dí i, kò sì lè so páìpù tó ti já. Owó rẹ̀ sábà máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ dí èyí tí ọwọ́ dé ná. Nínú bungalow tí àjà ilẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó lè jẹ́ pé ẹ kò ní nílò rẹ̀ mọ́.

\* \* \*

Èsì kẹjọ: fún ẹni tó yá ilé gbé

Àbúrò tó ń gbé ní Uptown nínú Chicago níbí, ìwọ lo kọ̀wé pé onílé ní kí o fi owó ara rẹ ra ẹ̀rọ ìyáná kékeré. Má gbà. Òfin Chicago ní láti September 15 sí June 1, onílé tó ń pèsè ooru gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé tó 68 lórí ìwọ̀n Fahrenheit láti aago 8:30 àárọ̀ sí 10:30 alẹ́, kó sì tó 66 lóru. Gbé tẹmómítà sí àárín yàrá, ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aago, kọ lẹ́tà sí onílé. Tí kò bá dáhùn, 311 ni kí o pè, nọ́ńbà ìjọba ìlú.

Tí owó tó ń wọlé fún ilé yín kò bá sì ju ìlọ́po méjì ohun tí ìjọba àpapọ̀ pè ní ìlà òṣì, Weatherization Assistance Program wà fún yín, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń bá èèyàn tún ilé ṣe kí ooru má bàa ṣòfò, tó ti wà láti 1976. Ní Cook County, agbègbè tí Chicago wà, àjọ kan tó ń jẹ́ CEDA ló ń bójú tó o. Dídí duct wà lára iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ayálégbé náà sì lè kọ orúkọ sílẹ̀ bí onílé bá fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé a gba ohun tí ìjọba ń pín. Owó orí tí à ń san ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ lọ gbà á.

\* \* \*

Èsì kẹsàn-án: Ìyá Ìbejì padà wá

Ẹ ṣé tí ẹ padà wá ròyìn. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: wọ́n ní kò sí vermiculite lẹ́yìn ògiri, kò sí bébà funfun, áláàmù wà. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n rí i pé páìpù tó ń lọ sí yàrá àwọn ọmọ ti bọ́ kúrò lẹ́nu èyí tó yọ sílẹ̀ yàrá, àlàfo tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà láàárín wọn, kò sì sí ìbora lára rẹ̀. Ọkọ wọn sì béèrè bóyá òun lè dá a ṣe.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè dá a ṣe, sà. Ẹ pa furnace, ẹ fi N95 bo imú. Ẹ gbé páìpù náà padà, kí orí rẹ̀ wọ inú èkejì dáadáa, ó kéré tán íǹṣì kan. Síkúrúù mẹ́ta yíká. Ẹ fi okùn irin pẹlẹbẹ so ó mọ́ igi òkè kí ìwúwo rẹ̀ má tún fà á bọ́, torí ohun tó jọ pé ó fà á bọ́ nìyẹn. Àwọ̀n, lẹ́yìn náà mastic, yíká pátápátá, títí kan ẹ̀yìn tí ojú yín kò rí. Ẹ fi ọwọ́ wá ibẹ̀. Nígbà tó bá gbẹ ni kí ẹ wọ ìbora R-8 (nọ́ńbà R ń sọ bí ìbora ṣe ń mú ooru dúró tó) fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má sì fún ìbora náà pọ̀, torí tó bá ti rún, kò lè mú ooru dúró mọ́.

Ẹ fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo bí ilé á ṣe rí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá wá fẹ́ gba oníṣẹ́ fún ìyókù, ẹ ní kó wọn bí duct ṣe ń jò ní ìfúnpá 25 Pascal (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán duct wò) kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá parí. Oríṣi ìwọ̀n méjì ló wà: gbogbo èyí tó ń jò, àti èyí tó ń jò síta ilé nìkan. Èkejì ni kí ẹ béèrè, ohun tí ẹ̀gbọ́n Houston ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kó kọ iye méjèèjì sínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó bá ní òun kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, pé ojú òun ti tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa lọ.

Kí oníṣẹ́ tí ẹ bá gbà tó kúrò nílé, kó ti gbogbo fèrèsé, kó tan fáànù ilé ìdáná àti ti balùwẹ̀ àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ àti furnace pa pọ̀, kó wá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi gbígbóná bóyá èéfín ń gòkè tàbí ó ń padà sílẹ̀. Tó bá ń padà, ẹ pa ẹ̀rọ omi náà, kí ẹ má tàn án títí wọ́n á fi tún ṣímínì ṣe.